Ìlà kan wà lójú lẹ́ǹsì mi: ṣé òun ló ń jẹ ìmọ́lẹ̀?

Ayàwòrán_Mọ́kọlá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lóṣù tó kọjá mo ra lẹ́ǹsì kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan, irú tí wọ́n ń pè ní 50mm. Ìlà kan wà lójú rẹ̀ níwájú, gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan, ó tín-ín-rín bí irun orí. Ẹni tó tà á ní kò ní í ṣe nǹkan kan, ó sì dín owó kù fún mi, ni mo bá gbé e. Lábẹ́ ìbòòji, fọ́tò rẹ̀ dùn ún wò. Àmọ́ lọ́jọ́ Sátidé mo lọ ya ìgbéyàwó kan. Ọkọ ìyàwó wọ agbádá dúdú, oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lẹ́yìn wọn. Ìgbà tí mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà, agbádá dúdú ti di aláwọ̀ eérú, gbogbo fọ́tò wá rí bí ìgbà tí ọyẹ́ bá mú. Ìyàwó bínú, ìyá ìyàwó bínú jù ú lọ.

Ṣé ìlà yẹn ló ń jẹ ìmọ́lẹ̀ mi? Mo rí ẹnì kan lórí YouTube tó fi ọṣẹ ìfọyín dán tirẹ̀. Ṣé kí n gbìyànjú ẹ̀?

Bàbá_Kámẹ́rà

Gbé ọṣẹ ìfọyín yẹn sílẹ̀ kíákíá! Eyín lo fẹ́ fọ̀ àbí lẹ́ǹsì? Ohun tó ń yọ ìdọ̀tí eyín nínú ọṣẹ yẹn, ìyẹ̀fun òkúta kíkúnná ni. Tó o bá fi dán ojú lẹ́ǹsì, wàá họ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bo ojú ẹ̀ kúrò, ìlà kan á sì di ẹgbẹ̀rún.

Jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ojú lẹ́ǹsì ẹ fẹ̀ tó mílímítà 40. Gbogbo àyè tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 1,250 níbùú-lóròó. Ìlà tó gùn tó mílímítà 10, tí kò fẹ̀ ju 0.05 lọ, ààbọ̀ mílímítà níbùú-lóròó péré ló gbà nínú ẹ̀. Ìdá kan nínú 2,500 nìyẹn. Bí ẹnì kan bá bu ṣíbí tíì kan nínú korobá omi, ta ló máa mọ̀ pé omi dín? Kámẹ́rà ẹ náà ò lè mọ̀.

Olóòótọ́_Kékeré

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Tó bá jẹ́ ṣíbí kan nínú korobá ni, ta ló wá sọ agbádá di eérú?

Bàbá_Kámẹ́rà

Ìbéèrè gidi lo bi yẹn, mi ò sì tíì dé ibẹ̀. Jẹ́ kí ọmọ tó wà ní Rochester, Amẹ́ríkà, wá sọ tirẹ̀, gíláàsì dídán ló ń fi jẹun.

Adángíláàsì_Rochester

Ẹ ṣé, sà. Lóòótọ́ ni, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń dán lẹ́ǹsì ni mo wà láti ọdún kẹsàn-án.

Ìmọ́lẹ̀ tó bá kọsẹ̀ lára ìlà yẹn kì í kú síbẹ̀. Ó máa ń ṣẹ́rí, á tú ká, apá kan nínú rẹ̀ á sì wọnú kámẹ́rà lọ, àmọ́ kò ní í balẹ̀ síbi tó yẹ kó balẹ̀ sí. Ẹ wá wò ó: oòrùn tó wà lẹ́yìn ọkọ ìyàwó tàn ju agbádá dúdú lọ, ó ju ìlọ́po mílíọ̀nù kan lọ. Ṣíbí kan nínú korobá oòrùn yẹn, tó bá ti dà sórí gbogbo fọ́tò, ó lè pọ̀ ju ìmọ́lẹ̀ tó ń wá látara agbádá fúnra rẹ̀ lọ. Bí dúdú ṣe ń di eérú nìyẹn. Lábẹ́ ìbòòji, kò sí oòrùn tó máa dà sórí fọ́tò, torí náà ìwọ náà ò rí nǹkan kan.

Àmọ́ kí n má parọ́, ìlà kan ṣoṣo tó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀, mi ò gbà pé òun nìkan ló ṣe gbogbo ohun tó o ròyìn yẹn. Ọkàn mi ń lọ sí nǹkan mìíràn, ìyẹn ojú tó rí bí èyí tó dán, tí kò sì dán.

Ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn ń rí gùn láàárín nánómítà 400 sí 700. Ká pín mílímítà kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, ọ̀kan níbẹ̀ ni nánómítà. Irun orí nípọn tó nǹkan bíi 70,000. Gíláàsì tá a bá dán dáadáa, òkè àti kòtò ojú rẹ̀ kì í ju nánómítà kan lọ, ìmọ́lẹ̀ tó sì ń tú ká níbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 10,000. Gbé òkè àti kòtò yẹn dé 100: kò sí ìlà kankan tí wàá nawọ́ sí, síbẹ̀ ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ lọ tó máa tú ká. Ojú lẹ́ǹsì náà kàn máa rí bí ẹni mí sí i ni. Ìlà tí gbogbo èèyàn ń rí ló ń gba èébú, ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí ló ń ba fọ́tò jẹ́.

Tíṣà_Físíìsì

Bébà àkàrà ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ mú bébà ìròyìn tí wọ́n fi wé àkàrà, ẹ gbé e sójú fèrèsé. Ibi tí òróró dé lára rẹ̀, ẹ máa rí òjìji ìka yín lẹ́yìn ẹ̀. Ibi tó gbẹ, ẹ ò ní í rí nǹkan kan. Ṣé òróró ló ń tan iná ni? Rárá o. Inú bébà kún fún fọ́nrán igi wẹ́wẹ́ àti afẹ́fẹ́ láàárín wọn, gbogbo ibi tí fọ́nrán àti afẹ́fẹ́ ti pàdé ni ìmọ́lẹ̀ ti ń ṣẹ́rí, títí tó fi máa ṣìnà. Òróró ti afẹ́fẹ́ yẹn jáde. Bí òróró sì ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí bí fọ́nrán ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ni ìmọ́lẹ̀ bá rí ọ̀nà tààrà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní gíláàsì onífunfun nílé ìwẹ̀, èyí tí a kì í rí ìta níbẹ̀, ẹ lẹ sẹ́lóteèpù mọ́ ojú tó rí ṣákiṣàki lára ẹ̀, kẹ́ ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́ mọ́ra dáadáa. Ẹ máa rí ìta gbangba. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn sẹ́lóteèpù ló dí àwọn kòtò náà. Gíláàsì náà mọ́ gaara nínú láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n họ.

Olóòótọ́_Kékeré

Àǹtí, mo ti dán ti sẹ́lóteèpù wò. Ó ṣiṣẹ́. Ìyá mi sì ti ní kí n yọ ọ́ kíá, kí gbogbo àdúgbò tó máa wo òun wẹ̀.

Tíṣà_Físíìsì

Ẹ bá mi bẹ màmá o!

Onífáíbà_Ìkẹjà

Ẹ jẹ́ n dá sí i. Ẹ̀yin ń pe ìlà sẹ̀ǹtímítà kan ní ṣíbí omi. Lọ́dọ̀ tiwa, hóró eruku kan lè gé íntánẹ́ẹ̀tì odindi ilé. Fáíbà ni okùn gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá. Inú rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ò fẹ̀ ju máíkírọ́ònù 9 lọ (ká pín mílímítà kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, ọ̀kan níbẹ̀ ni máíkírọ́ònù), irun orí nípọn tó o ní ìlọ́po méje tàbí mẹ́jọ. Hóró eruku tí ojú lásán ò lè rí ti tó láti dí i pa.

Oníbàárà kan wà ní Ọ̀gbà. Iná pupa ń ṣẹ́jú lára módẹ́mù rẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ módẹ́mù náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti ń sọ pé àwọn máa fa wáyà tuntun láti òpó. Mo gbé mítà sí i, ó ka -29 dBm (òǹkà agbára ìmọ́lẹ̀ ni, bó bá ṣe ń jìnnà sí òdo nísàlẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń dín kù), módẹ́mù ò lè gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Mo yọ ẹnu wáyà, mo fi awò tá a fi ń yẹ ẹnu fáíbà wò ó. Àmì ìka èèyàn ló wà níbẹ̀ gbàgàdà, ìlà ìka náà ń dán bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ òróró gbá dígí mú. Ẹnì kan tó ti wá ṣáájú mi ló fi ọwọ́ kàn án. Mo fi ọtí isopropyl rin bébà tí kì í yọ òwú, mo nù ún lẹ́ẹ̀kan sí apá kan, mo fi ibi gbígbẹ nù ún tẹ̀ lé e, mo kì í padà. -21 dBm. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣirò yẹn, ìlọ́po mẹ́fà ìmọ́lẹ̀ ló padà wálé, kò sì sí nǹkan kan tí mo pààrọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ohun mìíràn: ẹnu wáyà tó ní àwọ̀ ewé àti èyí tó ní àwọ̀ búlúù kì í ṣe ti ẹ̀ṣọ́. Èyí tó ní àwọ̀ ewé, wọ́n dán ojú rẹ̀ ní dídagun, dígírì 8, kí ìmọ́lẹ̀ tó bá ta padà má bàa tún gba ọ̀nà tó gbà wá padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an. Ti búlúù dojú kọ ọ́ gbọnrangandan. Tí ẹ bá fi agbára kì wọ́n bọ ara wọn, ojú méjèèjì ò ní í pàdé, afẹ́fẹ́ á wà láàárín, ìmọ́lẹ̀ á máa sọnù níbẹ̀. Mo máa ń bá a lẹ́nu iṣẹ́ ṣáá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ojú yín wo ẹnu fáíbà tó ń ṣiṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ojú ń rí, ó sì lè ba ojú jẹ́.

Bàbá_Kámẹ́rà

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ Mọ́kọlá yìí gbọ́ gan-an nìyẹn. Níwájú lẹ́ǹsì, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ kalẹ̀ bí àgbàdo tí wọ́n sá sójú oòrùn. Bí ewúrẹ́ bá jẹ ẹnu kan níbẹ̀, ẹnu kan náà ni. Bó ṣe ń lọ sẹ́yìn ló ń kóra jọ, títí tó fi máa dé orí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ibi tí kámẹ́rà ti ń gba àwòrán. Hóró eruku tí mi ò kà sí níwájú, tó bá bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀, àmì dúdú ló máa fi sójú ọ̀run nínú gbogbo fọ́tò. Torí náà tí mo bá ń ra tòkunbọ̀, ẹ̀yìn lẹ́ǹsì ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ìlà kékeré lẹ́yìn, mi ò ní í gbé e kódà bí wọ́n bá fi ta mí lọ́rẹ.

Adángíláàsì_Rochester

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ní tiwa, nọ́ńbà méjì la fi ń pe àbùkù ojú gíláàsì, ọ̀dọ̀ àwọn ológun Amẹ́ríkà ló ti wá, ìwé òfin tí wọ́n ń pè ní MIL-PRF-13830B. Ẹ máa gbọ́ 60-40, 40-20, 20-10. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ni ti kòtò: 40 jẹ́ kòtò tó fẹ̀ tó 0.4 mílímítà. Nọ́ńbà iwájú ni ti ìlà, ẹ má sì rò pé ẹnikẹ́ni fi rúlà wọ̀n ọ́n o. A máa gbé gíláàsì síwájú iná níbi tó ṣókùnkùn, a máa gbé gíláàsì àpẹẹrẹ tó ní ìlà tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ó wá fi ojú wò ó bóyá tiwa ń tàn ju ti àpẹẹrẹ lọ. Èèyàn méjì lè wo gíláàsì kan ṣoṣo kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Mo ti wà níbẹ̀, èmi ni ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì.

60-40 tó fún ọ̀pọ̀ ohun tí èèyàn ń fi ojú wò. Àwọn onílésà alágbára ló ń bèèrè 10-5, torí níbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ lè kóra jọ sínú ìlà kan débi pé ojú gíláàsì á bẹ́.

Olóòótọ́_Kékeré

Ẹ̀rọ awòràwọ̀ Hubble ńkọ́? Ṣebí wọ́n ní jígí rẹ̀ ò dán ni fọ́tò ẹ̀ ò fi dáa níbẹ̀rẹ̀.

Adángíláàsì_Rochester

Ó dán! Ó dán ju ohun tí èmi àti ẹ ti rí láyé lọ. Ìrísí rẹ̀ ni wọ́n ṣì ṣe. Jígí tó fẹ̀ tó mítà 2.4, etí rẹ̀ wá tẹ́ jù bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bíi máíkírọ́ònù 2.2. Wọ́n gbé e lọ sójú òfuurufú ní 1990, ìràwọ̀ tó yẹ kó rí bí ojú abẹ́rẹ́ wá ń rí bí iná tí kùrukùru yí ká. Ní December 1993 làwọn arìnrìn-àjò òfuurufú lọ fi awò sí i, bí a ṣe ń fi awò sójú èèyàn. Dídán lọ́tọ̀, ìrísí lọ́tọ̀.

Tíṣà_Físíìsì

Rochester, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ lórí àwọ̀ àlùkò tó máa ń wà lójú lẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ mi rò pé ẹ̀ṣọ́ ni.

Adángíláàsì_Rochester

Ẹ ṣé, àǹtí. Gíláàsì tí kò ní awọ kankan, bó ti wù kó dán tó, ó ń ta nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà ní ojú kọ̀ọ̀kan. Awò kan, ìyẹn gíláàsì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú lẹ́ǹsì, ní ojú méjì. Lẹ́ǹsì tó ní awò mẹ́fà nínú, ojú méjìlá ni ìmọ́lẹ̀ máa là kọjá: nǹkan bíi 61 nínú 100 ló máa dé òdìkejì. Ìyókù ń ta síwá sẹ́yìn láàárín àwọn awò náà ni, ó sì tún ń sọ dúdú di eérú.

Ibi tó dùn nínú ìtàn yẹn rèé. Ní àwọn ọdún 1890, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣe lẹ́ǹsì, Dennis Taylor, ṣàkíyèsí pé lẹ́ǹsì àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ti ṣú ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá ju tuntun lọ. Oníbàárà á máa ráhùn pé lẹ́ǹsì òun ti bà jẹ́, kò mọ̀ pé ó ti sàn sí i! Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ti hù lójú gíláàsì náà. Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà lókè awọ àti èyí tó ta padà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń pa ara wọn. Ní 1935, Alexander Smakula, tó ń ṣiṣẹ́ fún Zeiss ní Jena, Jámánì, rí ọ̀nà láti mọ̀ọ́mọ̀ fi irú awọ bẹ́ẹ̀ bo lẹ́ǹsì nínú àgbá tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde. Awọ magnesium fluoride tí kò nípọn ju nǹkan bíi nánómítà 100 lọ ń mú ìdá 4 yẹn wálẹ̀ sí ìdá kan àti díẹ̀. Àwọ̀ àlùkò tí ẹ ń rí, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tí awọ yẹn ò rí pa ló kù.

Awọ yẹn gan-an lọṣẹ ìfọyín máa kọ́kọ́ jẹ.

Tíṣà_Físíìsì

Ẹ wá gbọ́ ti àfòpiná. Ojú kòkòrò yẹn kún fún ṣóńṣó wẹ́wẹ́, nǹkan bíi nánómítà 200, gbogbo rẹ̀ rí gbágungbàgun. Ó yẹ kó tú ìmọ́lẹ̀ ká, àbí? Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣóńṣó yẹn kéré ju ìgbì ìmọ́lẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ ò lè mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú tirẹ̀, ṣe ni afẹ́fẹ́ ń di ojú kòkòrò díẹ̀díẹ̀, kò rí ibi tó máa ti ta padà. Ojú rẹ̀ kì í kọ mànà lálẹ́, ohun tó ń dọdẹ rẹ̀ ò sì ní í tètè rí i. Ẹni tí iná máa pa, ojú rẹ̀ kì í dá iná padà.

Bàbá_Kámẹ́rà

Ẹ kú ìmọ̀ o. Ọmọ Mọ́kọlá, ṣe báyìí. Pa iná yàrá, ṣí ihò lẹ́ǹsì náà tán, tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ sí i láti ẹ̀yìn, kó dagun díẹ̀, kí iná má wọ̀ ẹ́ lójú tààrà. Ohun tó bá tàn funfun nínú ẹ̀, òun ló ń ba iṣẹ́ ẹ jẹ́. Tó bá rí bí òwú aláǹtakùn, lẹ́ǹsì ti bu nìyẹn, èbu tó ń mú búrẹ́dì ń mú gíláàsì náà ní ilẹ̀ ọ̀rinrin bíi tiwa. Tó bá rí bí èémí lójú dígí, ọ̀rá inú lẹ́ǹsì ló gbéra tó lọ lẹ̀ mọ́ awò. Tó bá jẹ́ ìlà yẹn nìkan ló tàn, fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kan yíǹkì dúdú sínú ẹ̀, kó o nu èyí tó bá yọ síta. Yíǹkì á mu ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀. Wàá pàdánù ṣíbí omi ẹ, àmọ́ kò ní í dà sára ẹnikẹ́ni.

Báwo lo tiẹ̀ ṣe ń nù ún?

Ayàwòrán_Mọ́kọlá

Etí ṣẹ́ẹ̀tì, sà.

Bàbá_Kámẹ́rà

Ah! Nínú ọyẹ́ yìí? Eruku tó ń wá láti aṣálẹ̀ ní apá Chad yẹn ní yanrìn wẹ́wẹ́ nínú, yanrìn sì le ju gíláàsì lọ. Bébà tí kápẹ́ńtà fi ń yọ igi lo fi ń nu lẹ́ǹsì. Fẹ́ eruku kúrò ná, fi rọ́bà ìfẹ́, má fi ẹnu, itọ́ á bá a lọ. Lẹ́yìn náà, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ló kan aṣọ. Àwọn tó ń fi lẹ́ǹsì sínú ìrẹsì kó má bàa bu, mi ò mọ ẹni tó kọ́ wọn. Ìyẹ̀fun ìrẹsì náà, eruku ni.

Ayàwòrán_Mọ́kọlá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣe ti tọ́ọ̀ṣì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìlà náà tàn lóòótọ́, bí fọ́nrán òwú kan. Àmọ́ lẹ́yìn ẹ̀, lójú awò tó tẹ̀ lé e, gbogbo ojú rẹ̀ ló funfun bàì, láti etí dé etí, àfi ibi kékeré kan láàárín. Lọ́sàn-án, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ rí.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún kámẹ́rà ṣe ní Dùgbẹ̀. Ó tú u lójú mi, ó ní kí n mí díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rá ni, bí Bàbá_Kámẹ́rà ṣe sọ gẹ́lẹ́. Ó nù ún tán, ó dá a padà, ó gba owó rẹ̀. Lánàá mo gbé agbádá dúdú bọ̀dá mi wọ ọ̀rẹ́ mi, mo dá a dúró síbi kan náà, oòrùn ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ó dú. Mo rí ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ṣe ọnà ọrùn rẹ̀.

Ìlà yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mo kan yíǹkì sí i, mo sì ra húùdù, ìbòrí tí wọ́n ń fi sẹ́nu lẹ́ǹsì kí oòrùn má bàa kọlù ú láti ẹ̀gbẹ́. Ìyá ìyàwó ò tíì gbé fóònù mi.